Kíka Bíbélì fúnra ẹni: ìbéèrè àwọn ará Kétu àti ìdáhùn

Lẹ́yìn ìsìn, lójú ọ̀nà ọjà, lórí WhatsApp, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará Kétu máa ń bi wá lórí kíka Bíbélì. Àwọn tó ń béèrè kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ti ra Bíbélì, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ẹnì kan ti sọ fún wọn pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: kí wọ́n jí ní aago márùn-ún, kí wọ́n ka orí mẹ́rin, kí wọ́n kọ ojú-ìwé kan. Nígbà tí ìyẹn ò ṣeé ṣe mọ́, wọ́n pa ìwé dé, ẹ̀rí ọkàn wá ń dá wọn lẹ́bi. Nítorí wọn la ṣe kọ èyí. Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà kà á lè yí padà bí iṣẹ́, ọjọ́ orí àti àsìkò bá ṣe ń yí padà. Ká ṣáà má jìnnà sí i ni.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì pẹ̀lú ìpinnu pé ẹ ò ní dúró títí ẹ ó fi dé Ìfihàn. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Jẹ́nẹ́sísì á dùn, ìdajì Ẹ́kísódù á dùn, àmọ́ tí wọ́n bá ti dé ibi ìwọ̀n aṣọ àgọ́ àti òfin ẹbọ, ó parí nìyẹn. Lefítíkù ní iyì tirẹ̀, ẹ ó sì rí i nísàlẹ̀ bó ṣe tan ìmọ́lẹ̀ sí ìtàn Rúùtù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni àlejò ń gbà wọlé.

Máàkù la máa ń ní kí èèyàn kọ́kọ́ kà. Orí 16 péré ni, òun ló kúrú jù nínú ìwé ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìtàn inú rẹ̀ kì í sì í fi àkókò ṣòfò. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn kúkúrú, kó mú Rúùtù tàbí Jónà, orí 4 ni ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ ìyànjú tó ṣe ṣàkó, kó mú Jákọ́bù, orí 5.

Ìdájí ni mo ń lọ sóko, alẹ́ ni mo ń dé. Ìgbà wo ni kí n kà á?

Bíbélì kò fi aago dè wá. Diutarónómì 6 ẹsẹ 7 ní ká máa sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nígbà tí a bá jókòó nílé, nígbà tí a bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí a bá dùbúlẹ̀ àti nígbà tí a bá dìde. Gbogbo ibi tí ara wa bá wà lójúmọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ so ó mọ́ nǹkan kan tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀ máa ń simi lábẹ́ igi nígbà tí oòrùn bá mú. Ìpínrọ̀ kan ṣeé kà níbẹ̀. Ẹni tó ń gun zémíjàn máa ń dúró de èrò. Ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ń fọ́mọ lọ́mú ní òru, ó sì lè gbọ́ ọ látinú fóònù. Ẹni tó ń lọ sí Kùtọ̀nú nínú takisí ní wákàtí bíi mélòó kan lọ́wọ́ tí kò sí ohun tó ń fi í ṣe.

Kí ẹ sì jẹ́ kí àsìkò bá yín pín in. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń sáré gbin àgbàdo, ẹsẹ kan tí ẹ ń gbé kiri lọ́kàn láti àárọ̀ títí dalẹ́ tó. Tí ọyẹ́ bá dé tí iṣẹ́ oko dẹ̀, ẹ ka ìwé odindi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò BEPC tàbí BAC, kó ka Sáàmù kan ṣoṣo kó tó sùn, kó má sì rò pé òun ti ya ọ̀lẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọkàn yín wà níbẹ̀ dára ju wákàtí kan tí ojú ń kà tí ọkàn ti dé ọjà.

Tí mo bá ṣí i tán, kí ni kí n ṣe gan-an?

Ẹ kọ́kọ́ gbàdúrà, gbólóhùn kan tó: kí Ọlọ́run la ojú yín láti rí ohun ìyanu nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Sáàmù 119 ẹsẹ 18 nìyẹn. Kí ẹ wá mú ibi kan tí kò gùn, ìtàn kan odindi tàbí ìpínrọ̀ kan odindi, kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kà á sókè. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè mẹ́ta péré: Kí ló sọ? Kí ló fi hàn mí nípa Ọlọ́run àti nípa ọmọ èèyàn? Kí ni màá ṣe sí i?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun gan-an sì ni gbogbo iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. A máa ń kánjú sọ pé "Ọlọ́run bá mi sọ̀rọ̀" kí a tó fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ẹ jẹ́ ká mú Rúùtù orí 2 wò.

Rúùtù, ará Móábù, àlejò ni ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, opó sì ni. Ó ní kí ìyá ọkọ òun jẹ́ kí òun lọ pèéṣẹ́ ọkà. Náómì kò rán an; òun fúnra rẹ̀ ló dá a sọ. Ní ẹsẹ 4, Bóásì tó ni oko dé, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ìkíni: kí Olúwa wà pẹ̀lú yín. Àwọn tó ń kórè dá a lóhùn pé kí Olúwa bùkún fún ọ. Ọmọ Yorùbá kò ní fo ibẹ̀ yẹn. Olóko tó dé, tó kọ́kọ́ kí àwọn alágbàṣe kó tó béèrè iṣẹ́, gbogbo wa la mọ irú èèyàn tí ìyẹn ń jẹ́. Ẹsẹ 7 sọ pé láti àárọ̀ ni Rúùtù ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní ẹsẹ 9, Bóásì ti kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ó sì ní tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kó mu nínú omi tí wọ́n pọn. Ní ẹsẹ 14, wọ́n fún un ní àyangbẹ ọkà, ó jẹ, ó yó, ó ṣẹ́ kù. Ní ẹsẹ 16, Bóásì ní kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fa díẹ̀ yọ nínú ìtí, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, kí wọ́n má sì bá a wí. Nígbà tó di alẹ́ tó pa ọkà náà tán, ó tó éfà kan, ìyẹn nǹkan bíi líta 22.

Àwọn obìnrin tó ti tún ilẹ̀ ẹ̀pà hú lẹ́yìn ìkórè ní agbègbè wa yìí á yára rí i pé èèyàn kì í fi pèéṣẹ́ lásán rí líta 22 lóòjọ́. Ẹnì kan ló ń dà á sílẹ̀ fún un. Ẹ tún wo ẹsẹ 18: oúnjẹ ọ̀sán tó ṣẹ́ kù yẹn, ó tọ́jú rẹ̀ fún Náómì.

Ohun tí ìwé sọ ṣì nìyẹn o, a ò tíì wàásù. Ìbéèrè kejì ló máa gbé wa lọ sí Lefítíkù 19 ẹsẹ 9 àti 10, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí olóko má kórè dé igun oko rẹ̀, kó má sì padà ṣa èyí tó bọ́, kó fi í sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò. Diutarónómì 24 ẹsẹ 19 fi ọmọ òrukàn àti opó kún un. Òfin yìí ni Bóásì ń pa mọ́, ó sì tún ṣe kọjá ibi tí òfin dúró. Ọlọ́run tó ṣe òfin yẹn ti ń ro ti Rúùtù kí wọ́n tó bí i.

Ìbéèrè kẹta wá di tiwa. Ta ni àlejò tó wà níbi iṣẹ́ mi? Ṣé mo ti kí i lónìí? Ṣé ó rí omi mu? Kí ìdáhùn yín jẹ́ ohun tí ọwọ́ lè ṣe kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. "Màá máa ṣàánú" kò tíì tó nǹkan. "Lọ́la, kẹ́ẹ̀gì omi tútù kan á wà lóko fún àwọn alágbàṣe," ìyẹn ti di ohun kan.

Ẹ kọ gbólóhùn kan sínú kàyé, kí ẹ fi ọjọ́ sí i. Ẹni tí kò fẹ́ràn ìkọ̀wé, kó sọ ọ́ fún ẹnì kan kó tó sùn. Méjèèjì ló ń jẹ́ kó dúró lọ́kàn.

Ṣé ọ̀nà yẹn nìkan ló wà?

Rárá o. Òun la fi ń bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó ṣe é rántí. Àwọn mìíràn wà, kí ẹ mú èyí tó bá yín lára mu.

Ẹ lè jókòó ka ìwé kan tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé Fílípì, lẹ́tà ni, láti inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù sì ti kọ ọ́. Kò sí ìyá tó máa gba lẹ́tà ọmọ rẹ̀ láti Kùtọ̀nú kó wá ka ìlà kẹtàlá nìkan, kó sì kó ìyókù sábẹ́ ìrọ̀rí. Orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Tí ẹ bá tún ń kà á lójoojúmọ́ fún oṣù kan, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ẹni tó kọ ọ́. Nínú gbogbo ọ̀nà tó wà, èyí ni àwa fẹ́ràn jù, ó sì yà wá lẹ́nu pé àwọn èèyàn kì í sábà dán an wò.

Ẹ lè fi ọwọ́ kọ ọ́. Diutarónómì 17 ẹsẹ 18 pàṣẹ pé kí ọba Ísírẹ́lì kọ ẹ̀dà òfin fún ara rẹ̀ tó bá gorí ìtẹ́. Ó dára fún ẹni tí oorun máa ń gbé lọ tó bá ń kàwé: bíìkì tó wà lọ́wọ́ kì í jẹ́ kó sùn, ọwọ́ tó ń falẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí ojú rí ohun tó ti ń fò látẹ̀yìnwá.

Ẹ lè tẹ̀ lé ẹnì kan láti ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ títí dé òpin. Bánábà dára púpọ̀ fún èyí. Ìwé Ìṣe ló wà: orí 4 níbi tó ti ta ilẹ̀ rẹ̀, orí 9 níbi tó ti mú Sọ́ọ̀lù tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù lọ bá àwọn àpọ́sítélì, orí 11 ní Áńtíókù, orí 15 níbi tí òun àti Pọ́ọ̀lù ti jà nítorí Máàkù tí wọ́n sì pínyà. Ní ọjọ́ mẹ́rin, ẹ ti mọ odindi èèyàn.

Àwọn Kátólíìkì ní èyí tí wọ́n ń pè ní lectio divina. Guigo kejì, mọ́ńkì kan ní ilẹ̀ Faransé ní ọ̀rúndún kejìlá, ló to ìpele mẹ́rin rẹ̀: kíkà, ríronú, gbígbàdúrà, àti dídákẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ẹni tí kì í ṣe Kátólíìkì náà lè jàǹfààní níbẹ̀. Ìpele kẹrin, dídákẹ́, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́.

Ọ̀nà kan wà tí a máa ń kìlọ̀ lórí rẹ̀: ká mú kókó kan, bí owó tàbí ìwòsàn, ká wá máa ṣa ẹsẹ jọ káàkiri. Kò burú, àmọ́ ó rọrùn láti ṣa àwọn tó gbè wá lẹ́yìn nìkan. Ẹ jẹ́ kó dúró dìgbà tí ẹ bá ti ka ìwé odindi bíi mélòó kan.

Yorùbá là ń sọ nílé, Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé. Èwo ni kí n fi kà á?

Méjèèjì. Ẹni tó kàwé ní Bẹ̀nẹ̀ máa ń yára ka Faransé, Bíbélì tí Louis Segond túmọ̀ ló sì sábà máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yẹn tẹ Májẹ̀mú Láéláé jáde ní 1874, Májẹ̀mú Tuntun ní 1880, àtúnṣe 1910 ló sì gbòde jù. Ẹ fi ìyẹn mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà lé e lórí, tí ẹ bá fẹ́ kó wọ̀ yín lára, ẹ kà á ní Yorùbá, kí ẹ sì kà á sókè.

Bíbélì Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí Kétu. Ajayi Crowther tẹ ìwé Róòmù jáde ní Yorùbá ní 1850. Ní 1853, òun fúnra rẹ̀ wá sí Kétu láti Abẹ́òkúta, Alákétu sì gbà á lálejò. Ní 1884 ni odindi Bíbélì tó wá látọwọ́ òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ parí. Èdè inú rẹ̀ kì í ṣe bí a ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ní Kétu, àmọ́ kò sí ará Kétu tí kò ní gbọ́ ọ.

Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn ọ̀dọ́ ni àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, torí wọn ò kọ́ ọ nílé-ìwé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti mọ̀ sórí: Sáàmù 23, tàbí Àdúrà Olúwa nínú Mátíù 6. Ẹnu yín ti mọ ọ̀rọ̀ náà, ojú á kàn máa tẹ̀ lé e ni. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti mọ́ra. Tí ẹ ò bá rí Bíbélì Yorùbá rà nítòsí, àwọn tó ń ná ọjà ní òdìkejì ààlà, ní ọ̀nà Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ, lè bá yín mú un bọ̀.

Ìyá mi ò mọ̀wé kà rárá. Ṣé ó lè kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jù yín lọ pàápàá. Ní ayé ìgbà yẹn, etí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ka Ìwé Mímọ́. Ìfihàn 1 ẹsẹ 3 súre fún ẹni tó ń kà á àti àwọn tó ń gbọ́. Nínú Nehemáyà 8, Ẹ́sírà ka òfin sókè láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, àwọn ọmọ Léfì ń ṣàlàyé, àwọn èèyàn ń sunkún.

Kí ọmọ-ọmọ máa ka ìtàn kan fún ìyá lálẹ́. Kí ìyá wá sọ ọ́ padà lẹ́nu ara rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyẹn, nítorí ẹni tí kò lóye kò lè sọ ọ́ padà, àwọn ìyá wa sì mọ ìtàn sọ ju àwa tó kàwé lọ. Kí ọmọ má já lu ọ̀rọ̀ wọn. Tí wọ́n bá parí tí ibì kan sì kù, kó tún ibẹ̀ kà. Tí fóònù bá wà, àpù Bible.is ní Bíbélì Yorùbá tí wọ́n kà sókè. Ẹ fi Wi-Fi ẹnì kan gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó má máa jẹ mẹ́gà yín lójoojúmọ́.

Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń ṣí Bíbélì níbikíbi, ẹsẹ tí ojú mi bá bà ni mo máa ń gbà pé ti òní nìyẹn. Ṣé ó burú?

Àbúrò wa, Ọlọ́run lè ti ibẹ̀ ràn ẹ́ lọ́wọ́, a ò jiyàn. Àmọ́ má fi í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn tó kọ Bíbélì ò pín in sí ẹsẹ. Stephen Langton ló pín in sí orí ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Robert Estienne tó ń tẹ̀wé sì fi nọ́ńbà ẹsẹ sínú Májẹ̀mú Tuntun ní 1551. Ó dára láti fi wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kò yẹ kó gé ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́.

Wo Jeremáyà 29 ẹsẹ 11, tí wọ́n ń kọ sára takisí: èrò àlàáfíà ni Ọlọ́run ní sí wa, láti fún wa ní ìrètí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n kọ ọ́ sí? Láti ẹsẹ 1, lẹ́tà ni, sí àwọn tí Nebukadinésárì kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì. Ẹsẹ 5 ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà. Ẹsẹ 6 ní kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n bímọ. Ẹsẹ 7 ní kí wọ́n wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n kó wọn lọ, kí wọ́n gbàdúrà fún un. Ẹsẹ 10 ní ó di àádọ́rin ọdún kí wọ́n tó padà.

Àwa ará Kétu, ó yẹ kí lẹ́tà yẹn gún wa lọ́kàn ju ti ẹlòmíì lọ. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó Kétu, wọ́n run ún, wọ́n sì kó àwọn èèyàn lọ sí Àgbómẹ̀. Ó di ẹ̀yìn ìgbà tí ìjọba Dàhòmì ṣubú kí àwọn tó kù tó padà wá tún ìlú dó. Àwọn kan nínú àwọn ìyá ńlá wa bímọ sígbèkùn. Fi wọ́n sọ́kàn, kí o wá tún ẹsẹ 11 kà. Kì í ṣe ìlérí pé ohun gbogbo á dára lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ sí àwọn tó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn má fojú ara wọn rí ìpadàbọ̀ ni, tí Ọlọ́run sì ń sọ fún wọn pé òun ò gbàgbé wọn. Ìrètí inú rẹ̀ wá jinlẹ̀ sí i. Ẹni tó ka ẹsẹ kan ṣoṣo kò lè débẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ ètò kíka Bíbélì tán lọ́dún kan, mo ti wà lẹ́yìn gan-an. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fa ìlà sábẹ́ ibi tí ẹ dé, kí ẹ máa bá a lọ láti òní. Ẹ má sáré lé àwọn ọjọ́ tó ti lọ. Bíbélì oníwèé 66 ní orí 1,189, ìyẹn orí mẹ́ta ó lé díẹ̀ lójúmọ́; ó ṣòro fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Májẹ̀mú Tuntun ní orí 260. Orí kan lójúmọ́, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ó parí lọ́dún kan gééré, òpin ọ̀sẹ̀ sì ṣófo fún ẹni tó bá kù sẹ́yìn. Ìwé Òwe náà ní orí 31. Ẹ lè ka èyí tó bá ọjọ́ inú oṣù mu, tí ọjọ́ kan bá sì fò yín, oṣù tó ń bọ̀ á tún gbé e wá.

Tí mo bá dé ibi tí kò yé mi ńkọ́?

Ẹ ka ohun tó wà ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e. Ìdajì ìṣòro máa ń tú níbẹ̀. Tí kò bá tú, ẹ fi àmì ìbéèrè sétí ìwé, kí ẹ tẹ̀ síwájú. Pétérù fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn nǹkan kan wà nínú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù tó ṣòro lóye, 2 Pétérù 3 ẹsẹ 16. Tí àpọ́sítélì lè sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ìtìjú fún wa.

Nínú Ìṣe 8, ìjòyè ará Etiópíà jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, ó ń ka Aísáyà sókè; Fílípì tó ń sáré bọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó bi í bóyá ohun tó ń kà yé e. Ọkùnrin tó ń ṣe olórí ìṣúra ayaba dáhùn pé báwo ni ó ṣe máa yé òun láìjẹ́ pé ẹnì kan tọ́ òun sọ́nà, ó sì ní kí Fílípì gòkè wá jókòó ti òun. Ẹ wá ẹni tó máa jókòó tì yín: pásítọ̀, kátíkísìtì, ìyá ìjọ tó ti ń kà á fún ogójì ọdún. Kí ẹ sì padà lọ yẹ ohun tí wọ́n sọ wò nínú ìwé. Àwọn ará Bèróà nínú Ìṣe 17 ẹsẹ 11 yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù wò lójoojúmọ́, Bíbélì sì yìn wọ́n fún un.

Nínú ìjọ wa, Sáàmù la fi ń gbàdúrà. Ṣé ìyẹn ò tó?

Àdúrà àti orin ni wọ́n fi kọ Sáàmù, ọ̀nà tó tọ́ lẹ ń gbà lò ó. Jésù fi wọ́n gbàdúrà lórí igi: ọ̀rọ̀ Sáàmù 22 ló wà ní Mátíù 27 ẹsẹ 46, ti Sáàmù 31 ló wà ní Lúùkù 23 ẹsẹ 46. Ohun tí a máa fi kún un ni pé kí ẹ ka Sáàmù náà tán, kí ẹ wo ibi tó ti yí. Sáàmù 13, ẹsẹ 6 péré ni. Nínú ẹsẹ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló béèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹsẹ 3 àti 4, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ní ẹsẹ 5, ó ní òun gbẹ́kẹ̀ lé àánú Ọlọ́run. Ọ̀tá ṣì wà níbẹ̀ o. Ọkàn rẹ̀ ló yí. Sáàmù 88 kò tiẹ̀ yí rárá, inú òkùnkùn ló parí sí, síbẹ̀ ó wà nínú Bíbélì. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tí Bíbélì Kátólíìkì fi nípọn ju tiwa lọ?

Ìwé 73 ló wà nínú rẹ̀, 66 ló wà nínú ti Pùròtẹ́sítáǹtì. Àwọn bíi Tóbítì, Júdítì, Ọgbọ́n, Sírákì àti Mákábì ló jẹ́ kó pọ̀ sí i. Májẹ̀mú Tuntun bára mu, ìwé 27. Tọkọtaya tí ìjọ wọn yàtọ̀ lè ka Máàkù pọ̀ láìsí wàhálà kankan.

Nínú agboolé wa, Mùsùlùmí wà, onísẹ̀ṣe wà. Báwo ni mo ṣe máa kà á láìdá ìjà sílẹ̀?

Bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ agboolé ní Kétu nìyẹn, ó sì ti pẹ́. Ẹ kà á bí ẹ ṣe ń kà á, ní ohùn tí kò ní jí ẹni tó ń sùn. Ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì ránṣẹ́ àbùkù sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín. Tí bàbá bá béèrè pé kí lẹ̀ ń kà, ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ ìtàn tí ẹ kà lónìí fún wọn gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, láìfi ìwàásù kún un. Àgbà fẹ́ràn ìtàn. Ìtàn Jósẹ́fù, láti Jẹ́nẹ́sísì 37 lọ, dára fún irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo agboolé tí ọmọ púpọ̀ wà ló mọ ohun tó ń jẹ́ ìlara.

Ṣé kí n fi fóònù kà á, àbí ìwé?

Èyí tó bá wà lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, torí WhatsApp kì í mọ̀ pé èèyàn ń gbàdúrà. Ìwé ní àǹfààní kan: ó ṣeé fa ìlà sí, ó sì ṣeé jogún.

Mo ń kà á, àmọ́ n kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀ mọ́. Ó ti gbẹ.

Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pàápàá lẹ́yìn àìsàn, òfò tàbí iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ dín in kù, kí ẹ má fi í sílẹ̀. Ẹ yí ọ̀nà padà: ẹni tó ń kà, kó máa gbọ́, ẹni tó ń dá kà, kó wá ẹnì kejì. Ẹ kúrò nínú lẹ́tà, ẹ lọ sínú ìtàn. Kí ẹ sì sọ ọ́ fún Ọlọ́run bó ṣe rí gan-an, pé ó ti gbẹ. Ìdí tí Sáàmù 13 tí a mẹ́nu bà lókè fi wà nínú Bíbélì nìyẹn.

Mo ti parí Máàkù. Kí ló kàn?

Lúùkù, lẹ́yìn náà Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, torí ẹnì kan náà ló kọ ọ́, Tìófílọ́sì kan náà ló sì kọ méjèèjì sí. Tí ẹ bá dé Ìṣe 16, ẹ dúró díẹ̀. Ẹ ó bá Lìdíà níbẹ̀, oníṣòwò tó ń ta aṣọ elésèé àlùkò, tó fi dandan gba Pọ́ọ̀lù àti àwọn tó bá a rìn sílé. Ẹ ó bá onítúbú kan tó fẹ́ pa ara rẹ̀ lóru, tó wá ń wẹ ọgbẹ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìlú Fílípì ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ ṣí ìwé Fílípì, kí ẹ kà á tán lẹ́ẹ̀kan náà: ìjọ tí wọ́n kọ ọ́ sí nìyẹn.